Ọmọ Tó Kù ní Kíláàsì Màmá Tíṣà

Àwọn tó wá kí wa nígbà tí Màmá Tíṣà papò dà ní Wilhelmsburg, ní Hamburg, ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Mo ń gbé kọ́ọ̀pù tíì kiri nínú pálọ̀ Bùròdá Múfú, àbúrò màámi, mo sì ń gbọ́ ọ. Èèyàn jẹ́jẹ́, àbí? Màmá tí wọ́n gba káàdì ìgbéyàwó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tí wọ́n fi bírò pupa tún un ṣe láti òkè délẹ̀, tí wọ́n wá fi rán mi pé kí n dá a padà fún àwọn tó ni ín. Mo gbé tíì mi lọ fún ẹni tó kàn.

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Àwọn tó mọ ìyẹn jù mí lọ wà ní Ìsẹ́yìn. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé Màmá Tíṣà ló bí màámi, pé wọ́n kọ́ Púráìmárì Fáìfù títí irun orí wọn fi funfun, àti pé kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n wá bá wa gbé ní Wedding, ní Berlin. Báàgì kan péré ni wọ́n gbé wá. Aṣọ ò pọ̀ nínú ẹ̀, ìwé ló kún ibẹ̀. Nǹkan kan sì ṣẹlẹ̀ láàárín èmi pẹ̀lú wọn tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kan ọmọ kan tó ń jẹ́ Sáfúrátù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Màmá ò lè rí ọ̀rọ̀ tí kò lámì kí wọ́n fi í sílẹ̀. Gbogbo agolo ilé ìdáná wa ni wọ́n kọ nǹkan sí lára, iyọ̀, gààrí, ata gígún, àmì ohùn sì wà lórí gbogbo wọn. Wọ́n fi àmì sórí orúkọ wa níbi bẹ́ẹ̀lì ní ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀. Hausmeister, ọkùnrin tó ń bójú tó ilé náà, rí i, ó nù ún kúrò. Lọ́jọ́ kejì Màmá wọ kóòtù wọn, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n kọ ọ́ padà: ÀKÀNMÚ. Ọkùnrin yẹn tún nù ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi bá ara wọn jà láìsọ̀rọ̀, torí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, Hausmeister ló sì kọ́kọ́ rẹ̀. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọn ò kúkú fi í sílẹ̀ fún un. Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ò pé. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ẹni tó bá wù ú ló máa wọnú ẹ̀ jókòó."

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n lè dá wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà kan mo kọ ọ́ nínú àròkọ mi pé bàbá mi ní ọkọ, pé ọkọ yìí ló ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ ní Tempelhof láràárọ̀. Mọ́tò ni mo ní lọ́kàn, mo kàn gbàgbé àmì ni. Màmá kà á sókè lójú bàámi, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, wọ́n sì bi mí pé kí lorúkọ ọkọ ọ̀hún, ṣé ó ti mú ẹbí wá tọrọ bàámi. Bàámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí i pé Màmá ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi. "Má rò pé ìwé ò mọ nǹkan. O ti kọ ọ́, ó ti rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Tètè tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ọ̀sán Sátidé la máa ń ṣe kíláàsì, tí wọ́n bá ti kírun Àìlà tán. Nílé ìdáná ni, lórí tábìlì tí màámi tẹ́ ike aláwọ̀ ewé sí. Kíkà la fi ń bẹ̀rẹ̀. Màmá á ní kí n dìde, kí n gbé ìwé jìnnà sójú, wọ́n á wá kúrò níwájú mi, wọ́n á wọ balùwẹ̀ lọ, wọ́n á sì tilẹ̀kùn. Èmi nìkan á dúró, màá máa kàwé fún ilẹ̀kùn. Tí ohùn mi bá rẹlẹ̀ báyìí, màá gbọ́ láti inú lọ́hùn-ún pé, "Mi ò gbọ́ ẹ. Tún un kà." Ohùn yẹn kì í jọ tiwọn tó bá gba inú balùwẹ̀ wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni àpèkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń pe gbólóhùn kan: àkọ́kọ́ kí n gbọ́ ọ, ìkejì kí n kọ ọ́, ìkẹta kí n fàmì sí i. Sísọ ló kẹ́yìn, kí n ròyìn ọ̀sẹ̀ mi láìfi Jámánì kankan sí i. Èyí ni mo kórìíra jù.

Àmọ́ kí gbogbo ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, Màmá á pe orúkọ. Wọ́n ní rẹ́jísítà gidi, tí etí ẹ̀ ti gbó, tí wọ́n mú bọ̀ láti Ìsẹ́yìn.

"Àjọkẹ́ Àkànmú."

"Mo wà níbí, mà."

"Sáfúrátù."

Ilé á wá dákẹ́. Àga mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì, èmi lórí ọ̀kan, Màmá lórí ọ̀kan, ìkẹta lẹ́bàá fèrèsé. Màmá á kọjú sí àga yẹn, wọ́n á dúró. Màá máa gbọ́ fíríìjì tó ń kùn. Tó bá yá, wọ́n á mi orí díẹ̀, bí tíṣà ṣe ń mi orí fún ọmọ tó ti dáhùn, wọ́n á sì fi bírò pupa sàmì pé ó wà níjòókòó. Ìwé nóòtù kan àti pẹ́ńsù kan máa ń wà níwájú àga náà. Tí a bá ń ṣe àpèkọ, tí mo bá ti kọ tèmi tán tí mo gbójú sókè, Màmá á ní, "Ní sùúrù. Ẹnì kejì ẹ ò tíì kọ ọ́ tán."

Mo bi màámi pé ta ni Sáfúrátù. Wọ́n ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ ìmọ́tótó ni wọ́n ń ṣe ní ọsibítù nígbà yẹn. Wọ́n ní Màmá ti dàgbà, kí n máa ṣe bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Mo wá dá a rò fúnra mi pé òkú ọmọ kan ló ń bá wa ṣe kíláàsì, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé tí mo bá fẹ́ kọjá lẹ́bàá àga yẹn lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń ní, "Jọ̀ọ́, yà fún mi."

Lọ́jọ́ kan Màmá lọ ṣe àlùwàlá, mo sì ṣí ìwé nóòtù ọmọ yẹn. Gbólóhùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní àpèkọ ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn kéré, ó fì sọ́wọ́ òsì, kì í ṣe ọwọ́ tèmi, kì í sì í ṣe ti Màmá. Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, mo mọ̀ pé àwọn gbólóhùn kan náà ni Màmá ń pè fún gbogbo ọmọ Púráìmárì Fáìfù láti ọdún gbọọrọ, ìwé yẹn sì lè jẹ́ ìwé àtijọ́ tó bá wọn wọ báàgì. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń sọ fún ara mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan ìlà yẹn, dúdú pẹ́ńsù ẹ̀ ràn mọ́ ìka mi, bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Màmá ti wà lẹ́yìn mi, omi ń kán lára ọwọ́ wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ìwé ẹlòmíì nìyẹn. Bá a pa á dé."

Mo ní láti sọ ti ẹnu mi wàyí. Nílé mo máa ń sọ̀rọ̀. Nísàlẹ̀ nínú ọgbà, èmi àtàwọn ọmọ yòókù jọ ń fi Jámánì bú ara wa dáadáa. Àmọ́ tí mo bá ti wọ kíláàsì tí tíṣà pè mí, ọ̀rọ̀ á há mi lọ́fun. Mo mọ ìdáhùn, màá rí i lọ́kàn mi tòun tàmì, kò ní jáde. Ní kíláàsì karùn-ún, ọ̀rọ̀ mi sú tíṣà wa, Frau Lindner. Ó kọ lẹ́tà wálé pé wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí Sonderschule, ilé ìwé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọpọlọ wọn ò yá lọ. Gbogbo wa la mọ ọmọ kan tàbí méjì tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ láti àdúgbò. A ò mọ èyí tó padà wá.

Bí ìjà ṣe bẹ́ sílẹ̀ láàárín Màmá àti màámi nìyẹn. Màámi ní Yorùbá ló fà á, pé èdè méjì ló pa mí lẹ́nu mọ́, kí Màmá jọ̀ọ́ kí wọ́n pa kíláàsì Sátidé tì, kí n gbájú mọ́ Jámánì. Wọ́n ń sunkún bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Màmá ò gbóhùn sókè rí tí inú bá ń bí wọn, ohùn wọn máa ń lọ sílẹ̀ ni, títí wàá fi sún mọ́ wọn kí o tó gbọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò yadi. Ó ń ṣa ọ̀rọ̀ ni. Mo ti ṣi irú ẹ̀ mú rí, mi ò ní í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣì í mú lójú mi."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè wá. Màámi ò ráyè kúrò níbi iṣẹ́, bàámi náà ò ráyè, ni Màmá bá ní àwọn á bá mi lọ. Kò sí ẹni tó lè ṣe ògbufọ̀ àfi èmi tí mi ò lè sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Mo rò pé Màmá gbàgbé ni. Wọn ò gbàgbé.

Nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán ni. Frau Lindner jókòó, ìwé náà wà níwájú rẹ̀, ó ku kó buwọ́ lù ú. Màmá kí i, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Wọ́n wò mí. Ọ̀rọ̀ ò jáde. Màmá tún sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní àpèkọ, wọ́n tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó jáde. Jámánì jáde lẹ́nu mi nínú kíláàsì yẹn, ohùn mi sì lè dé balùwẹ̀.

Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọn ò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé tíṣà ni àwọn náà, àwọn sì wá jẹ́wọ́ nǹkan. Pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ kan wà ní kíláàsì àwọn, Sáfúrátù, kì í sọ̀rọ̀. Àwọn nà án, kò sọ̀rọ̀. Àwọn ní kó kúnlẹ̀ síta, kò sọ̀rọ̀. Àwọn wá kọ ọ́ síwèé pé òpè ni. Àṣé gbogbo lẹ́tà tó ń wọ agboolé wọn, ọmọ yẹn ló ń kà á fún wọn. Mò ń túmọ̀ ẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, Frau Lindner sì ń mi orí. Ó ní ó dáa, ó ya òun lẹ́nu pé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí, àmọ́ ká túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì yàtọ̀ sí ká dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Ó ṣí ìdérí bírò ẹ̀. Ó fa ìwé yẹn mọ́ra.

Màmá rí bírò náà. Wọ́n ní, "Nítorí ohun tí mo kọ, gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sí Púráìmárì Síìsì. Òun nìkan ló kù."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yẹn. Ó kù. Ohùn ìsàlẹ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ìgbà yẹn gan-an ni mo mọ̀ pé Sáfúrátù kì í ṣe òkú, pé ọmọ tí wọ́n kàn fi sílẹ̀ nínú kíláàsì kan náà ni, nígbà tí àwọn yòókù ń lọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì wo bírò Frau Lindner, mo ní, "Sie ist gestorben." Mo ní ó kú.

Frau Lindner fọwọ́ bo ẹnu. Ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni. Mo bi Màmá, Màmá ní ọdún mẹ́wàá. Bí ọjọ́ orí tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Frau Lindner ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. Èmi pẹ̀lú Sonderschule parí síbẹ̀.

Nínú U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, Màmá jókòó tì mí, a jọ ń wo ara wa nínú gíláàsì fèrèsé tó dúdú. Wọ́n bi mí pé kí ló mú kí obìnrin yẹn fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní àánú Sáfúrátù ló ṣe é. A kọjá ibùdókọ̀ méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "O ṣáà ti sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí rẹ́jísítà. Wọ́n pè mí, mo dáhùn. Wọ́n ní, "Sáfúrátù." Wọ́n dúró. Fíríìjì kùn títí, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Màmá ṣì ń wo àga náà, ojú wọn sì wá ń yí padà bíi ti ẹni tó dé ilé ọ̀rẹ́ tó bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọn ò sàmì kankan. Wọ́n pa rẹ́jísítà dé. "Kò wá lónìí," ni wọ́n wí.

Kò tún wá mọ́. Bí oṣù kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti Ìsẹ́yìn, Màmá sì kà á sókè fún mi, torí gbogbo lẹ́tà ni wọ́n máa ń kà sókè. Àwọn tó kọ ọ́ kí wa, wọ́n ní òjò ò tíì rọ̀, wọ́n wá ní Sáfúrátù aránṣọ tí Màmá máa ń béèrè àlàáfíà ẹ̀ ti jáde láyé, àìsàn ọjọ́ méjì péré ni. Ọjọ́bọ̀ ni, kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà. Wọ́n dárúkọ ọjọ́ náà. Mo lọ wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri: Ọjọ́bọ̀ tí a lọ bá Frau Lindner ni. Nígbà òtútù, aago Ìsẹ́yìn àti ti Berlin ò yàtọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ. Èèyàn ń kú lójoojúmọ́. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi títí ó fi sú mi. Mo di ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ jù ní kíláàsì, wọ́n ń fún mi ní máàkì tó dáa nínú kíkà, nínú àròkọ, nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá nawọ́ sókè, mo máa ń rántí pé ẹnu tí mo fi pa obìnrin kan ni mo fẹ́ fi dáhùn. Mi ò sọ fún Màmá. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa ní kí n tún un ṣe, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún irú ẹ̀ ṣe.

Ògiri Berlin wó, Bùròdá Múfú bímọ ní Hamburg, Màmá sì kó lọ bá wọn gbé. Ibẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà yẹn. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin, mo tún wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, kọjá lórí odò Elbe, mo bá wọn lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, apá òsì wọn lórí itan bí ẹrù tí ẹnì kan gbé síbẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, àmọ́ àìsàn yẹn ti kó gbogbo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lọ. Ohùn àárín nìkan ló ṣẹ́ kù sí wọn lẹ́nu. Màmá Tíṣà ń sọ Yorùbá tí kò lámì. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ, kí n má purọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo ní mo gbọ́ ọ pé kù ni ẹ wí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹ̀rù Sonderschule ló bà mí, èmi ni mo pa Sáfúrátù.

Wọ́n gbọ́ mi tán. Obìnrin yìí ò gbà rí láyé wọn pé àwọn ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Wọ́n ti bá lẹ́mọ́mù jiyàn lórí ohùn orúkọ ara ẹ̀. Wọ́n wò mí pẹ̀lú ojú kan tó ṣì ń ṣí dáadáa, wọ́n wá ń fa ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀.

"Emi ni mo ṣi i pe. Iwọ tumọ ohun ti o gbọ."

Mo ní, "Màmá, kù ni ẹ wí."

Wọ́n mi orí pé rárá. Wọ́n gbìyànjú láti pe ọ̀rọ̀ náà, kò gòkè, ó dúró sí àárín bíi ti gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Inú bí wọn sí ẹnu ara wọn. Wọ́n wá fi ọwọ́ ọ̀tún gba ọwọ́ mi, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n fi èékánná fa ìlà kan síbẹ̀ gidigidi, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àmì òkè. Wọ́n tẹjú mọ́ mi bí wọ́n ṣe máa ń tẹjú mọ́ mi tí wọ́n bá pe gbólóhùn fún ìgbà kẹta.

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn náà mọ̀ pé mo mọ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn."